Ta ni aráàlú nínú ogun Ísírẹ́lì àti Palẹ́sìtínì, báwo ni wọ́n sì ṣe ń ka òkú wọn?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ojoojúmọ́ là ń jà lórí ọ̀rọ̀ Gásà níbi iṣẹ́ wa. Ọ̀gá mi kan ní irọ́ funfun báláú ni iye òkú tí wọ́n ń kéde níbẹ̀, torí pé Hamas ló ń kà á. Ẹnìkejì mi ní kò sí ẹni tó ń jẹ́ aráàlú ní Ísírẹ́lì, torí tọkùnrin tobìnrin wọn ló ń wọṣẹ́ ológun. Ta ni ká gbà gbọ́? Ta gan-an ni òfin ń pè ní aráàlú? Ṣé ẹnikẹ́ni sì ń jẹ́jọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí?"

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ ká ti ọ̀dọ̀ ẹnìkejì yín bẹ̀rẹ̀, torí bí a kò bá mọ ẹni tó jẹ́ aráàlú, kíka òkú kò lè já mọ́ nǹkan kan.

Lójú òfin ogun, ẹni tí kì í ṣe ara ẹgbẹ́ ọmọ ogun ni aráàlú. Ohun tí èèyàn jẹ́ lónìí ni òfin ń wò. Kò kan òfin bóyá Júù ni tàbí Lárúbáwá, ẹni tó dìbò fún kò kàn án, iṣẹ́ tó ti ṣe rí kò sì kàn án. Lóòótọ́ ni Ísírẹ́lì ń fi dandan mú ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wọn wọṣẹ́ ológun bí wọ́n bá ti pé ọmọ ọdún 18. Àmọ́ ẹni tó ti sin tirẹ̀ tán, tó bọ́ aṣọ ológun, tó padà sídìí oko rẹ̀ tàbí kíláàsì tó ti ń kọ́ ọmọ, aráàlú ni. Ó di ìgbà tí wọ́n bá tún pè é, tó wọṣọ, tó gbébọn, kó tó padà di ológun. Ọmọ ọwọ́ àti ará Thailand tó wá ṣiṣẹ́ oko létí Gásà ńkọ́? Kò sígbà tí wọ́n jẹ́ ológun rí.

Irú àṣìṣe yìí kan náà ni ti àwọn tó ń sọ pé kò sí aláìṣẹ̀ ní Gásà torí pé wọ́n dìbò fún Hamas, ẹgbẹ́ òṣèlú àti ológun Palẹ́sìtínì tó ń ṣèjọba níbẹ̀. Oṣù kìíní ọdún 2006 ni ìdìbò ọ̀hún. Hamas rí nǹkan bí 44 nínú ìbò 100, èyí sì fún wọn ní ìjókòó 74 nínú 132. Wọn kò tún dìbò ilé aṣòfin mọ́ láti ìgbà náà. Nígbà tí ogun 2023 bẹ̀rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì àwọn ará Gásà tí kò tíì pé ọmọ ọdún 18, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn ni wọn kò tíì bí lọ́jọ́ ìdìbò yẹn. Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé, ohun tí abala 33 nínú Àdéhùn Jẹ̀nífà Kẹrin ti ọdún 1949 sì sọ gẹ́lẹ́ nìyẹn: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jìyà ẹ̀ṣẹ̀ tí kò fọwọ́ ara rẹ̀ dá, wọn kò sì gbọdọ̀ fìyà jẹ ìlú lápapọ̀.

Ibi tó díjú wà o. Aráàlú tó bá gbé ìbọn, tó ń jà, ààbò òfin ti kúrò lórí rẹ̀ fún ìgbà tó fi ń jà. Ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ní Ísírẹ́lì gba ìlànà yìí wọlé nínú ìdájọ́ oṣù kejìlá ọdún 2006, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orílẹ̀-èdè náà kò fọwọ́ sí Àfikún Àdéhùn Jẹ̀nífà ti ọdún 1977 tí wọ́n kọ ọ́ sí. Nọ́ọ̀sì tí ìjọba Hamas ń sanwó oṣù fún, aráàlú ni. Èèyàn Ísírẹ́lì tó lọ tẹ̀dó sórí ilẹ̀ West Bank, ilẹ̀ Palẹ́sìtínì tí Ísírẹ́lì fi ogun gbà, òun náà aráàlú ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé abala 49 nínú Àdéhùn kan náà kò gbà kí ìjọba kó èèyàn rẹ̀ lọ gbé lórí ilẹ̀ tó fi ogun gbà. Ẹ̀ṣẹ̀ ìjọba ni ìtẹ̀dó yẹn, kò sọ ẹ̀mí ọmọ tó ń sùn nínú ilé ibẹ̀ di ohun tí a lè gbà.

Ohun mẹ́ta ni òfin ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń jagun. Kó ya ológun sọ́tọ̀ kúrò lára aráàlú, kó má sì dojú ìjà kọ aráàlú. Bó bá jẹ́ pé ológun ló ń lé lóòótọ́, kí òfò tí yóò bá aráàlú má ṣe pọ̀ ju àǹfààní ogun tó wà níbẹ̀ lọ. Kó sì ṣọ́ra ṣáájú: kó wádìí ẹni tó wà nínú ilé, kó yan ohun ìjà tó ṣe wẹ́kú, kó kìlọ̀ bí àyè bá wà.

Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá ọdún 2023, èyí àkọ́kọ́ ni Hamas àti àwọn ẹgbẹ́ tó tẹ̀ lé e fọ́ túútúú. Wọ́n já odi Gásà, wọ́n wọ àwọn abúlé Ísírẹ́lì bíi Be'eri, Kfar Aza, Nir Oz àti ibi àríyá orin Nova lẹ́gbẹ̀ẹ́ Re'im, wọ́n sì ń ti ilé bọ́ sí ilé, wọ́n ń pa àwọn tó sá pamọ́ sínú yàrá ààbò. Nǹkan bí 1,200 èèyàn ló kú, aráàlú ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Níbi àríyá nìkan, wọ́n lé ní 360. Wọ́n kó 251 lọ sí Gásà. Níbi tó bá rí báyìí, a kò ní kí ẹnikẹ́ni gbé òṣùwọ̀n, torí aráàlú gan-an ni wọ́n wá pa. Kíkó èèyàn nígbèkùn láti fi dúnàá dúrà, èèwọ̀ ni, kò sí ìgbà tí òfin yọ sílẹ̀.

Rọ́kẹ́ẹ̀tì Qassam tí wọ́n ń yìn láti ọdún 2001 náà wà nínú ẹ̀ṣẹ̀ yìí. Kò ní ohun tó ń darí rẹ̀ lójú ọ̀run, nítorí náà ẹni tó yìn ín kò lè sọ bóyá bárékè ni yóò bọ́ sí tàbí ilé ìwé. Bí wọ́n bá kọjú rẹ̀ sí ìlú, ìwà ọ̀daràn ti ṣẹ̀, bó tilẹ̀ bọ́ sínú igbó tí kò pa ẹnì kankan. Ní Sderot, ìlú Ísírẹ́lì kan létí Gásà, bí ìkìlọ̀ rọ́kẹ́ẹ̀tì bá ti dún, ìṣẹ́jú àáyá 15 ni wọ́n ní láti fi sá wọ ibi ààbò.

Ní ti ọkọ̀ òfuurufú Ísírẹ́lì, èkejì àti ẹ̀kẹta ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀. Ẹ wo alẹ́ ọjọ́ 22 oṣù keje ọdún 2002. Wọ́n ń wá Salah Shehadeh, ọ̀gá àwọn jagunjagun Hamas. Jagunjagun ni lóòótọ́, wọ́n lè lé e. Àmọ́ bọ́ǹbù tí ìwúwo rẹ̀ tó tọ́ọ̀nù kan ni wọ́n jù sórí ilé tó wà, láàárín àdúgbò tí ilé fún mọ́ra ní ìlú Gásà, lóru. Ó kú, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ obìnrin kú, àwọn aládùúgbò sì kú, ọ̀pọ̀ nínú wọn ọmọdé. Ní ọdún 2011, ìgbìmọ̀ tí Ísírẹ́lì fúnra rẹ̀ gbé kalẹ̀ sọ pé òfò aráàlú níbẹ̀ kọjá ìwọ̀n. Wọ́n ní ìròyìn tí àwọn alámì mú wá kò péye, wọn kò mọ̀ pé èèyàn pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láyìíká, nítorí náà wọn kò dá ẹnì kankan lẹ́bi ọ̀daràn. Ẹ rí ibi tó ti bàjẹ́: kò síbi tí ìfọ́kù bọ́ǹbù tó wúwo tó bẹ́ẹ̀ kì í dé láàárín ilé tó so mọ́ra, ẹni tó bá sì yàn án mọ ìyẹn kó tó gbéra. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2023, wọ́n ti lo irú bọ́ǹbù bẹ́ẹ̀ léraléra ní Gásà, ilẹ̀ tí gbogbo rẹ̀ kò ju nǹkan bí 365 kìlómítà onígun mẹ́rin, tí èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù méjì ń gbé.

Ìyàsọ́tọ̀ náà máa ń bàjẹ́ lọ́wọ́ ológun orí ilẹ̀. Ọjọ́ 15 oṣù kejìlá ọdún 2023, ní Shuja'iyya, àdúgbò kan ní ìlú Gásà, ọkùnrin mẹ́ta jáde sí àwọn ọmọ ogun Ísírẹ́lì. Wọ́n ti bọ́ ẹ̀wù wọn kí gbogbo ojú lè rí i pé kò sí bọ́ǹbù lára wọn, ọ̀kan nínú wọn sì gbé igi tí wọ́n so aṣọ funfun mọ́. Ológun kan pariwo pé ọ̀tá ni, ó yìnbọn, méjì kú lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀kẹta fara gbọgbẹ́, ó sá wọlé, ó ń ké ní èdè Hébérù pé kí wọ́n gba òun. Ọ̀gá wọn ní kí wọ́n dáwọ́ dúró. Nígbà tí ọkùnrin náà tún yọjú, wọ́n yìn ín pa. Ọmọ Ísírẹ́lì ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àwọn tí Hamas kó nígbèkùn tí wọ́n rọ́nà sá. Láàárín ọjọ́ kan, iléeṣẹ́ ológun jẹ́wọ́ pé ìyìnbọn náà lòdì sí òfin wọn. Ará Gásà tó bá gbé irú aṣọ funfun bẹ́ẹ̀ dání tí wọ́n yìn, ìwádìí kì í yára dé ọ̀dọ̀ tirẹ̀ báyìí, ohun tó sì yẹ kó dun gbogbo wa nìyẹn.

Ẹ ó gbọ́ pé Hamas ń fi aráàlú ṣe asà: wọ́n gbẹ́ ihò sábẹ́ ilé, wọ́n ń kó ohun ìjà pamọ́ sáàárín èèyàn. Òótọ́ ni pé wọ́n ń ṣe é, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá sì ni. Ṣùgbọ́n òfin ti ronú ìyẹn ṣáájú. Abala 51 nínú Àfikún 1977 sọ pé bí ẹnìkan bá rú òfin, ẹnìkejì kò tìtorí rẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ojúṣe tirẹ̀ sí aráàlú. Ẹni tí wọ́n fi ṣe asà ṣì jẹ́ aráàlú. Ilé-ẹjọ́ gíga Ísírẹ́lì náà, lọ́dún 2005, fòfin de àṣà tí àwọn ọmọ ogun wọn fi ń ti ará Palẹ́sìtínì síwájú láti kanlẹ̀kùn ilé tí wọ́n fẹ́ wọ̀.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ ọ̀gá yín. Iléeṣẹ́ ètò ìlera Gásà wà lábẹ́ ìjọba Hamas, bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ ẹ wo bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ. Bí òkú bá dé mọ́ṣúárì ilé ìwòsàn, wọ́n ń kọ orúkọ, ọjọ́ orí, akọ tàbí abo, àti nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀. Ẹni tó ń ṣàkóso ìwé àkọsílẹ̀ tí nọ́ńbà ìdánimọ̀ yẹn ti wá ni Ísírẹ́lì, nítorí náà nọ́ńbà ayédèrú kò ní pẹ́ tú fó. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá ọdún 2023, lẹ́yìn tí Biden, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, sọ pé òun kò fọkàn tán iye náà, wọ́n tẹ orúkọ òkú jáde pẹ̀lú nọ́ńbà fún 6,747 nínú wọn. Wọ́n sì ti ń tẹ irú rẹ̀ jáde láti ìgbà náà.

Ibi tí ó ti ń yẹ̀ wà. Wọn kì í ya jagunjagun sọ́tọ̀ kúrò lára aráàlú, nítorí náà ẹni tó bá pe gbogbo iye náà ní aráàlú ti ṣì í kà. Ẹni tó wà lábẹ́ àwókù kò dé mọ́ṣúárì, kò sì wọ ìwé. Nígbà tí àwọn ilé ìwòsàn wó lulẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìròyìn láti ẹnu ẹbí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ìgbìmọ̀ tó yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn orúkọ kan wà tí wọ́n padà yọ. Iye tí wọ́n bá sì kéde láàárín wákàtí díẹ̀ sí ìṣẹ̀lẹ̀ kan ṣoṣo ni kí ẹ ṣọ́ jù. Nígbà tí iná sọ ní ọgbà ilé ìwòsàn Al-Ahli lọ́jọ́ 17 oṣù kẹwàá 2023, wọ́n ní òkú jẹ́ 471. Àwọn alámì Amẹ́ríkà ṣírò rẹ̀ sí láàárín 100 sí 300, àwọn olùwádìí tó dá dúró sì rí i pé ó jọ pé rọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n yìn láti Gásà tí kò dé ibi tó ń lọ ló bọ́ síbẹ̀.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, ọ́fíìsì ètò ìrànwọ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yí iye ọmọdé tí wọ́n ń kọ padà láti ohun tó lé ní 14,000 sí 7,797. Ariwo ta pé àṣírí tú. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pín kìkì àwọn tí wọ́n ti dá mọ̀ pẹ̀lú orúkọ, 24,686 nígbà yẹn, sí ọmọdé, obìnrin, arúgbó àti ọkùnrin. Àpapọ̀ iye òkú, tó lé ní 34,000, kò yí padà.

Àtúnṣe iye kò túmọ̀ sí irọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ísírẹ́lì náà kọ́kọ́ ní 1,400 ló kú lọ́jọ́ 7 oṣù kẹwàá, kó tó sọ ọ́ di nǹkan bí 1,200 ní oṣù kọkànlá, torí pé òkú tó jóná ju kí ojú lè dá a mọ̀ lọ pọ̀, nǹkan bí 200 nínú wọn ló sì padà jẹ́ ti àwọn tó wá jà. Lẹ́yìn ìpakúpa tí àwọn jagunjagun Júù ṣe ní Deir Yassin, abúlé Palẹ́sìtínì kan, ní oṣù kẹrin ọdún 1948, 254 ni gbogbo ayé ń pariwo fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn ọmọ Palẹ́sìtínì fúnra wọn, ní Yunifásítì Bir Zeit, ló lọ bá àwọn tó yè sọ̀rọ̀ tí wọ́n fi rí i pé nǹkan bí 107 ni. Ìpakúpa ṣì ni.

Ó tún wà ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń mọ iye tí kò wọ ìwé. Àwọn olùwádìí kan gbé ìwé orúkọ mẹ́ta ka iwájú: ti ilé ìwòsàn, ti ẹbí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àti ìkéde ikú lórí ìkànnì. Bí orúkọ kan náà bá pọ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìwọ̀nba ló ṣẹ́ kù níta. Bí orúkọ tó bára mu kò bá pọ̀, òkú tí ẹnikẹ́ni kò kọ pọ̀. Èsì tí wọ́n tẹ̀ sínú The Lancet, ìwé ìròyìn ìmọ̀ ìṣègùn, ní oṣù kìíní ọdún 2025 ni pé, títí di ọjọ́ 30 oṣù kẹfà 2024, nǹkan bí 64,260 ni ọgbẹ́ ogun pa, nígbà tí iye iléeṣẹ́ ìlera jẹ́ 37,877. Iye iléeṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ti kọjá 70,000 ní ìparí oṣù kọkànlá ọdún 2025.

Ogun 2014 ni ẹ máa fi dá ọ̀gá yín lóhùn. Ìgbìmọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ka òkú Palẹ́sìtínì 2,251. Ísírẹ́lì ka 2,125. Ìyàtọ̀ kò pọ̀. Ibi tí wọ́n ti yapa ni iye aráàlú: ìgbìmọ̀ ní 1,462, ìyẹn nǹkan bí 65 nínú 100, Ísírẹ́lì ní 36 nínú 100, pẹ̀lú 20 nínú 100 tí wọn kò lè sọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́. Nínú ogun kan náà, aráàlú mẹ́fà àti ológun 67 ló kú ní ìhà Ísírẹ́lì. Nítorí náà, ẹ bi ẹni tó bá gbé iye wá: ẹni wo ló pín wọn, kí ló sì fi mọ̀ pé ọkùnrin ọmọ ọdún 25 kan jẹ́ jagunjagun?

Àlàyé àkọ́kọ́ iléeṣẹ́ ológun náà nílò irú ìbéèrè yìí. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹta ọdún 2025, ní Rafah, àwọn ọmọ ogun Ísírẹ́lì pa òṣìṣẹ́ ìgbàlà 15: mẹ́jọ láti Red Crescent, mẹ́fà láti ẹ̀ka ìdáàbòbò ìlú, ọ̀kan òṣìṣẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Wọ́n bo òkú àti ọkọ̀ mọ́lẹ̀ sínú iyanrìn. Wọ́n ní ọkọ̀ náà ń bọ̀ láìtan iná. Nígbà tí wọ́n rí fóònù lára ọ̀kan nínú àwọn tó kú, fídíò inú rẹ̀ fi hàn pé iná iwájú ọkọ̀ àti iná pàjáwìrì ń tàn. Iléeṣẹ́ ológun yí ọ̀rọ̀ padà, wọ́n sì yọ igbákejì ọ̀gá ẹ̀ka kan níṣẹ́.

Ní West Bank, ohun tó ń pa aráàlú yàtọ̀. Òfin ológun ni Palẹ́sìtínì fi ń jẹ́jọ́ níbẹ̀, òfin aráàlú Ísírẹ́lì ni ti àwọn olùtẹ̀dó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ kan náà ni wọ́n jọ ń gbé. Ẹgbẹ́ Yesh Din ní Ísírẹ́lì tọ fáìlì ẹ̀sùn ìwà ipá olùtẹ̀dó láti ọdún 2005 dé 2024. Nǹkan bí 94 nínú 100 ni ọlọ́pàá pa dé láìfi ẹnikẹ́ni sílé ẹjọ́. Oṣù kẹwàá ọdún 2025, àsìkò ìkórè ólífì, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ka ìkọlù tó lé ní 260, kò sí oṣù tó tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á lọ́dún 2006. Ní Duma, lọ́dún 2015, olùtẹ̀dó fi iná sun ilé ará Palẹ́sìtínì kan lóru. Ọmọ oṣù 18 kú, bàbá àti ìyá rẹ̀ kú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ní Itamar, lọ́dún 2011, àwọn ọmọ Palẹ́sìtínì méjì wọlé olùtẹ̀dó, wọ́n pa bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́ta, ọ̀kan nínú wọn ọmọ oṣù mẹ́ta. Nínú ìṣẹ̀lẹ̀ méjèèjì, ilé-ẹjọ́ Ísírẹ́lì rán àwọn tí wọ́n dá lẹ́bi ìpànìyàn lẹ́wọ̀n ayé.

Ní ti ìjẹ́jọ́, ìdájọ́ tó lókìkí jù ní Ísírẹ́lì ti Kafr Qasim wá, abúlé Lárúbáwá kan nínú Ísírẹ́lì. Ọjọ́ 29 oṣù kẹwàá ọdún 1956, wọ́n gbé kónílé-ó-gbélé ka aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ni wọ́n tó sọ fún baálẹ̀, tó dá wọn lóhùn pé nǹkan bí 400 èèyàn òun ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ níta. Bí àwọn ará abúlé náà ṣe ń gun kẹ̀kẹ́ àti ọkọ̀ bọ̀ wálé ni àwọn ọlọ́pàá ẹnubodè Ísírẹ́lì ń yìn wọ́n, 49 ló kú. Adájọ́ Benjamin Halevy sọ pé àṣẹ tí àsíá dúdú ń fẹ́ lórí rẹ̀, ìyẹn èyí tó hàn gbangba pé kò bófin mu, ológun kò gbọdọ̀ tẹ̀ lé e, wọn kò sì lè fi "ọ̀gá ló ní kí n ṣe é" gbèjà ara wọn. Ìlànà yìí ṣì wà níbẹ̀ dòní. Ṣùgbọ́n kí ọdún 1960 tó parí, gbogbo àwọn tí wọ́n dá lẹ́bi ti wà nílé. Ní ti Hamas, a kò rí ilé-ẹjọ́ kankan ní Gásà tó bá àwọn tó pa aráàlú Ísírẹ́lì wí.

Nítorí èyí ni Ilé-ẹjọ́ Ọ̀daràn Àgbáyé ní Hague ṣe dá sí i. Palẹ́sìtínì wọ inú ẹgbẹ́ wọn ní oṣù kẹrin ọdún 2015, Ísírẹ́lì àti Amẹ́ríkà kò sí níbẹ̀. Ní ọjọ́ 21 oṣù kọkànlá ọdún 2024, ilé-ẹjọ́ náà pàṣẹ pé kí wọ́n mú Benjamin Netanyahu àti Yoav Gallant, mínísítà ààbò rẹ̀ àná, lórí ẹ̀sùn fífi ebi jagun àti àwọn mìíràn, àti Mohammed Deif, ọ̀gá ológun Hamas, lórí ìpakúpa àti ìjínigbé ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá. Deif ti kú, wọ́n pa ẹjọ́ tirẹ̀ dé. Yahya Sinwar àti Ismail Haniyeh, àwọn aṣáájú Hamas, tí agbẹjọ́rò ilé-ẹjọ́ náà tún dárúkọ ti kú kí àṣẹ tó jáde. Ilé-ẹjọ́ yìí kò ní ọlọ́pàá, orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí ìwé rẹ̀ ló ń bá a mú èèyàn. Netanyahu lọ sí Hungary ní oṣù kẹrin ọdún 2025, wọn kò mú un, ìjọba ibẹ̀ sì kéde pé àwọn ń kúrò nínú ẹgbẹ́ náà. Nàìjíríà fọwọ́ sí ìwé ọ̀hún láti ọdún 2001, nítorí náà, bí èyíkéyìí nínú àwọn tí wọ́n ń wá bá balẹ̀ sí Èkó tàbí Àbújá, ojúṣe ìjọba wa ni láti mú un.